Ta ló ń sanwó eré ìdárayá àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ gíga?

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Akanran kọjá lásìkò ọyẹ́, nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń ṣe íńtá-haúsì wọn, ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe ń fi ẹfun fa ìlà sórí ilẹ̀ pupa. Ìlà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gún, nítorí ojú lásán ni olùkọ́ tó fà á fi wọ̀n ọ́n. Àwọn òbí á ti oko dé, àwọn ìyá á gbé ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá jáde fún títà, àwọn ọmọ á wọ aṣọ pupa, aṣọ aláwọ̀ ewé, aṣọ búlúù àti aṣọ yẹ́lò. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n má rí ọmọ kan níbẹ̀ tí yóò sáré láìwọ bàtà, tí yóò sì já àwọn tó wọ bàtà sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Àwọn àgbà á pariwo, wọ́n á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ẹnìkan á sì sọ pé Amẹ́ríkà ni ọmọ yìí máa bá eré yìí dé.

Ohun tí a kì í gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà ni ẹni tí yóò sanwó rẹ̀. Ọmọ náà yóò jẹun, yóò ra bàtà, yóò wọ mọ́tò lọ sí ibi ìdíje, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò gba owó oṣù, oníṣègùn yóò wà nítòsí bí iṣan bá fà. Gbogbo èyí owó ni. Ìbéèrè yìí ló gbé wa dìde lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà ló ń sanwó eré ìdárayá lọ́nà kan tàbí òmíràn, tí wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń san án.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 tí wọ́n búra fún Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó kéde pé 3,000 náírà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń san kò sí mọ́. Inú àwọn òbí dùn, ó sì yẹ kó dùn. Àgbẹ̀ tó ní ọmọ mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́ girama, 12,000 náírà ló bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ nígbà tí owó bá kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe kì í bá a lọ. Bọ́ọ̀lù ṣì ń bẹ́, àwọ̀n ṣì ń ya, ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà kì í hù lóko. Owó yòówù tó bá sì dé ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀kì, ìwé ìdánwò àti òrùlé tó ń jò ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó rántí bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PTA ló kù tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lè tọ̀ lọ, àti àwọn olóṣèlú tó bá fẹ́ kí wọ́n pe òun ní alága ọjọ́ náà.

Níbi tí ìyàtọ̀ ìlú ńlá àti ìletò ti ń hàn nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ bíi Government College Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ti di dókítà, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò káàkiri àgbáyé. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dáwó fún pápá, owó yóò jọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde níbẹ̀ ń gbin gbágùúdá tàbí tí wọ́n ń gun ọ̀kadà, ta ni yóò ké sí? Ìṣòro ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó wá sí Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn sì wà ní Mọ́níyà, ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo ilẹ̀ agbègbè Akínyẹlé ti yí padà. Pápá ìṣeré ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ọgbà, tí kò sì ní ìwé, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni lójú ẹni tó ń wá ilẹ̀ tà.

Ọmọ tó bá wá ráyè jáde níbẹ̀, tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ńkọ́? Láti àwọn ìletò wa, ibi tí wọ́n sábà máa ń lọ kò jìnnà: Yunifásítì Ìbàdàn, Poli Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, Poli Ẹ̀rúwà tó jẹ́ ẹ̀ka Poli Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ kó tó dá dúró, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Lánlátẹ̀ tàbí ní Ọ̀yọ́. Ètò eré ìdárayá wà fún gbogbo wọn. Àwọn yunifásítì ní NUGA, àwọn gbogboǹṣe ní NIPOGA, àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní NATCEGA. Ìbàdàn níbí gan-an ni NUGA ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn gba àlejò ìdíje àkọ́kọ́, nígbà tí yunifásítì márùn-ún péré wà nílẹ̀: Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó. Nígbà náà, ìjọba ló ń gbé gbogbo bùkátà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì pọ̀.

Àwọn tó ti inú ètò yẹn jáde kì í ṣe èèyàn kékeré. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹni tó gbá góòlù méjì wọlé nígbà tí Nàìjíríà fi 3-0 na Algeria ní Èkó lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, tí a fi gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Poli Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Adokiye Amiesimaka tí òun náà wà nínú ikọ̀ yẹn ń kọ́ nípa òfin ní Yunifásítì Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í gbé inú ilé kan, ẹ rán an létí àwọn méjèèjì.

Nísinsìnyí, ẹ mú ìwé owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ óò rí owó ìforúkọsílẹ̀, owó ilé ìkàwé, owó ìlera, owó ìdánwò. Láàrin wọn ni owó eré ìdárayá sábà máa ń wà. Kì í pọ̀ lójú, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń bá a jà.

Kò yẹ ká sọ̀rọ̀ owó báyìí ká má rántí Agbẹ́kọ̀yà. Ní ọdún 1968 wọ 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa yìí, tí Táfà Adéoyè ará Akanran wà lára àwọn aṣáájú wọn, dìde sí ìjọba lórí owó orí. Kì í ṣe iye owó náà nìkan ló ń bí wọn nínú. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi owó àwọn ṣe, nígbà tí ọ̀nà oko wọn kò ṣeé gbà. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló ń lọ sí Poli lónìí, tí wọ́n ń san owó eré ìdárayá lọ́dọọdún, tí wọn kò sì béèrè ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ kankan, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 6,000 ló wà nílé ẹ̀kọ́ kan, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì san 1,000 náírà fún eré ìdárayá. Mílíọ̀nù mẹ́fà náírà nìyẹn. Ká wá ní ilé ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ 80 àti òṣìṣẹ́ 20 lọ sí ìdíje ọlọ́jọ́ 10 ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí oúnjẹ ẹnìkan bá jẹ́ 5,000 náírà lójúmọ́, mílíọ̀nù márùn-ún ti lọ sórí oúnjẹ nìkan. Mọ́tò kò tí ì gbéra. Wọn kò tí ì ra jẹ́sì kan. Wọn kò tí ì san owó ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn tó gba ìdíje náà lálejò, wọn kò sì tí ì ra oògùn tí wọ́n máa fi pa ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń pariwo pé wọ́n ti kó owó eré ìdárayá jẹ, ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé owó náà kò tó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìṣirò nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tó tún wà nínú ìṣirò yẹn tí a kì í sábà rí ni pé àwọn 80 ló rìnrìn àjò. Àwọn 5,920 tó kù, tí wọ́n san iye kan náà, kò lọ ibì kankan. Ohun tiwọn ni pápá tó wà nínú ọgbà, àwọ̀n tó yẹ kó wà lára òpó, bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n rí yá lọ́wọ́ ọ̀sán. Bí ìdíje kan bá jẹ owó ọdún kan tán, pápá á di ibi tí ewúrẹ́ ti ń jẹko. Lójú tiwa, ibí yìí gan-an ni ẹ̀bi pọ̀ sí jù. Ife ẹ̀yẹ tí wọ́n máa gbé wá sí ọ́fíìsì gíwá ni wọ́n ń ná owó lé lórí, wọ́n sì gbàgbé ẹni tó kàn fẹ́ na ara rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Owó náà pàápàá kì í dá dúró. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san án, inú àpò ńlá ilé ẹ̀kọ́ ló sábà ń wọ̀ pẹ̀lú owó ilé ìkàwé àti owó ìlera. Ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá kò ní kọ́kọ́rọ́ àpò yẹn lọ́wọ́. Ó ní láti kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, ìwé náà á lọ láti tábìlì kan sí èkejì, nígbà mìíràn ó máa ń ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Èyí ló fa á tí àwọn ọmọ kan fi ń gbọ́ pé wọ́n mú àwọn nígbà tí wọ́n ti pa ìgbaradì tì. Owó oṣù àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba yàtọ̀ sí èyí, ìjọba ló ń san án. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá ní bọ́ọ̀lù rárá, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò ṣì wà níbẹ̀, yóò sì máa gbowó.

Gbígba àlejò ìdíje ńkọ́? Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èrè wà nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gbà á yóò tún pápá ṣe, yóò kọ́ ilé bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n tàbí kó tún un kùn, yóò sì kó àwọn eléré sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ń gbé. Àwọn tó ń bọ̀ á san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n á tún wá àwọn onígbọ̀wọ́ bíi báńkì àti iléeṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò. NUGA ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n wáyé ní Yunifásítì Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Ẹ wo bó ṣe rí: kíláàsì wà ní títì, pápá wà ní ṣíṣí. Ohun tó máa ń kù sílẹ̀ lẹ́yìn àlejò ni ilé àti pápá, ìyẹn bí ilé ẹ̀kọ́ bá rówó tọ́jú wọn. Nígbà tó di ọdún 2018, àwọn oníṣòwò náà dá sí i, tí ìdíje bọ́ọ̀lù HiFL bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn yunifásítì, pẹ̀lú owó àwọn onígbọ̀wọ́. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò wà. Ọmọ tó ń ju ọ̀kọ̀, onígbọ̀wọ́ kì í tètè rí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà tí gbogbo ẹnu ń sọ. Kì í ṣe àlá lásán. Fálílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde Lẹ́mọ, ti Yunifásítì Mississippi State kọjá kó tó gba bàbà nínú eré 400 mítà ní Atlanta lọ́dún 1996. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ti Yunifásítì Texas ní El Paso kọjá. Lọ́jọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022 ní Eugene, ó sá eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, kò sì sí obìnrin kankan lágbàáyé tó tí ì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Yunifásítì ńlá ni wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí sábà máa ń dárúkọ: àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń pè ní community college.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí pọ̀ ní ìlú kéékèèké, nínú ìlú àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ní Iowa àti ti àwọn àgbẹ̀ ọkà ní Kansas, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Lágelú wa bí ẹ bá yọ òjò yìnyín kúrò. Ẹgbẹ́ tó kó ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ ni NJCAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1938. Ìpele mẹ́ta ló ní, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ni owó. Ní ìpele kìíní, kọ́lẹ́ẹ̀jì lè san owó ẹ̀kọ́, ilé, oúnjẹ àti ìwé fún eléré. Ní ìpele kejì, ó lè san owó ẹ̀kọ́ àti ìwé, ṣùgbọ́n ilé àti oúnjẹ kò sí níbẹ̀. Ní ìpele kẹta, kò gbọdọ̀ fún eléré ní kọ́bọ̀ nítorí eré rẹ̀. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti California wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, àwọn náà kì í sì í fún eléré ní sìkọ́láṣíìpù eré.

Níbo ni wọ́n ti ń rí owó? Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà kò tó nǹkan, tẹlifíṣàn kì í sì í wá sọ́dọ̀ wọn. Ní Kansas, owó orí lórí ilé àti ilẹ̀ àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ wà lára ohun tó ń gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń san owó, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìlú máa ń dáwó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ gan-an ni èyí: ikọ̀ eré ń mú akẹ́kọ̀ọ́ wá. Bí ikọ̀ bọ́ọ̀lù bá kó ọmọ 30 wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ì bá má wá, tí kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n fún ní owó tó pé, ìyókù owó ẹ̀kọ́ wọn á wọlé sí àpò kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìjọba ìpínlẹ̀ á sì tún wo iye orí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó bá ń pín owó. Fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń dín kù, ọ̀nà àtiwá oníbàárà ni eré ìdárayá jẹ́. Nílé tiwa ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àyè wọlé pọ̀ ju àyè lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò nílò bọ́ọ̀lù láti fi fa ẹnikẹ́ni wá, ìdí nìyẹn tí eré fi jẹ́ ìnáwó lásán lójú àwọn aláṣẹ.

Kí òbí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sìkọ́láṣíìpù fara balẹ̀ níbi tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ Amẹ́ríkà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ní ìdajì lè gba ìyókù lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn nínú owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Pell Grant. Ọmọ Nàìjíríà tó gba físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìdajì tó kù, bàbá àgbẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá ló máa fi dọ́là san án. Yàtọ̀ sí èyí, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní fún ọmọ ní ìwé I-20 tí wọ́n fi ń béèrè físà títí tí yóò fi rí ẹ̀rí pé owó wà nílẹ̀. Ọ̀nà físà fúnra rẹ̀ ti há. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà ọmọ Nàìjíríà di ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàrin oṣù mẹ́ta. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, Ààrẹ Donald Trump kéde ìdádúró tó kan físà akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ kóòkò nítorí ọmọ tó lè sáré, ẹ kọ́kọ́ ní kó fi ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì hàn yín. Ẹ béèrè ìpele tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà. Bó bá ní ìpele kẹta ni, tó sì ń sọ̀rọ̀ sìkọ́láṣíìpù eré, irọ́ ló ń pa.

Bí ọ̀nà òkè òkun bá há báyìí, ilé là ń padà wá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ owó tún ti yí padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NELFUND ń san owó tí ilé ẹ̀kọ́ bá bù lé akẹ́kọ̀ọ́ sínú àpò ilé ẹ̀kọ́ náà tààrà. Tí owó eré ìdárayá bá wà lára owó tí ilé ẹ̀kọ́ kó jọ, ẹ̀yáwó ló san án, ọmọ náà ló sì máa dá a padà nígbà tó bá ríṣẹ́. Ọmọ Akanran tí kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rí lè máa san gbèsè ìrìn àjò NIPOGA ọdún méjì sẹ́yìn. Àwa kò sọ pé kí wọ́n yọ owó náà kúrò. Bí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn ọmọ olówó tó ń lọ sí yunifásítì aládàáni nìkan ni yóò rí pápá gidi lò.

Ohun tó ṣeé ṣe kò le. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà kí wọ́n máa lẹ iye owó eré ìdárayá tó wọlé àti bí wọ́n ṣe ná an mọ́ ojú pátákó ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́, kí ìdá kan pàtó sì wà fún pápá tí gbogbo èèyàn ń lò, tí ìdíje kankan kò ní fọwọ́ kàn. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà lè ní kí wọ́n wọn pápá ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lágbègbè wọn, kí wọ́n ri òpó sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n sì gba ìwé rẹ̀ kí àwọn oníléẹ̀ tó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni fún awọnlẹ̀ kan, kò sì ná wọn tó owó tapólì àti àga tí wọ́n ń háyà fún àwọn èèyàn pàtàkì lọ́jọ́ íńtá-haúsì.